Ìlà Mẹ́ta Lẹ́nu Géètì

Ìwà òmùgọ̀ tí mo hù ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹlòmíràn má baà bá mi sọ ọ́ ṣáájú. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, èmi àgbàlagbà tí mo ti ní ọmọ-ọmọ, mo to àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sí ìlà mẹ́ta lẹ́nu géètì. Mo ní kí wọ́n ṣí káàdì wọn, mo sì ń pariwo bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó: "Gíríìnì, ọ̀tún! Yẹ́lò, àárín! Pupa dà? Pupa, bọ́ sí òsì!" Mo rò pé iṣẹ́ ńlá ni mò ń ṣe. Mo tilẹ̀ na àyà. Àṣírí ọmọ ọlọ́mọ ni mò ń kó síta tí mò ń tò bí ẹni to ọsàn sórí tábìlì.

Iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ géètì ni mò ń ṣe ní ilé-ìwé kan lápá Lásunwọ̀n ní Ìkòròdú. Bàbá Géètì ni àwọn ọmọ ń pè mí. Orúkọ tí bàbá mi sọ mí ti di ohun tí ìyàwó mi nìkan ń rántí, ìyẹn náà tí inú bá ń bí i.

Kí n tó dé ibẹ̀, ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣiṣẹ́ ní èbúté Ìpakodò. Èmi ni mo máa ń to èrò tó fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi: àwọn tó ń lọ Ẹbúté-Èrò sí apá kan, àwọn tó ń lọ Màrínà sí apá kejì, àwọn tó ń lọ Fálómò sí ẹ̀kẹta. Àwọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì wọn ni mo fi ń mọ̀ wọ́n. Nínú gbogbo ọdún mẹ́sàn-án yẹn, n kò wọ ọkọ̀ náà rí, torí ẹ̀rù omi ń bà mí. Tí èrò bá bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọkọ̀ yìí dáa?" màá ní, "Ó dáa gan-an ni," màá sì fi ẹsẹ̀ méjì sẹ́yìn.

Omi nìkan kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ìwé náà ń bà mí lẹ́rù. Ìwé mẹ́rin ni mo kà kí n tó fi ilé-ìwé sílẹ̀. Mo lè kàwé o, bí ẹnikẹ́ni kò bá dúró tì mí, tí kò sì sí ẹni tó ń kánjú. Ṣùgbọ́n tí ojú bá wà lára mi báyìí, àwọn lẹ́tà yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí èèrà. N kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni ní ilé-ìwé. Ta ló fẹ́ gbọ́ pé ẹni tó ń ṣọ́ ilé-ìwé ń sá fún ìwé?

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ọ̀gá àgbà tuntun dé, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè tí gbogbo èèyàn sì ń gbọ́. Màdáámù la ń pè é. Ó lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan, nígbà tó sì padà, ó pe ìpàdé gbogbo òṣìṣẹ́, títí kan àwọn tó ń gbálẹ̀ àti èmi. Tíṣà kan kùn pé, "Màdáámù, kí ni Bàbá Géètì fẹ́ ṣe níbi ìpàdé tíṣà?"

Màdáámù bi í pé, "Láàárọ̀, ta ni ọmọ kọ́kọ́ ń rí? Ṣé ẹ̀yin ni?"

Ó wá ya nǹkan kan sójú pátákó, ó fẹ̀ nísàlẹ̀, ó rí ṣóńṣó lókè bí òrùlé. Ó fa ìlà méjì gba inú rẹ̀, ó di yàrá mẹ́ta lórí ara wọn. Ó ní ìsàlẹ̀ tó fẹ̀ yẹn, gbogbo ọmọ ló wà níbẹ̀: ká kí wọn, ká kọ́ wọn dáadáa, kí òfin yé wọn. Ó ní àwọn kan wà tí ìyẹn kò ní tó, àwọn yẹn la máa kó jọ ní mẹ́rin-mẹ́rin lẹ́yìn ìsinmi, ká tún ẹ̀kọ́ náà ṣe fún wọn. Nínú àwọn yẹn náà, ọ̀kan tàbí méjì á wà tí ìyẹn kò ní tó. Ẹni yẹn ni tíṣà kan máa jókòó tì, àwọn méjèèjì péré, lójoojúmọ́. Tó bá di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, a ó yẹ gbogbo wọn wò, ẹni tó bá ti gbéra á kúrò nípele tó wà, ẹni tó bá tún nílò ìrànlọ́wọ́ á rí i gbà.

Ó ní, "Ìpele kẹta kì í ṣe ìjìyà o. Ìrànlọ́wọ́ ni. Ẹni tó bá fi ṣe ẹ̀sín, èmi àti onítọ̀hún ni."

Gbogbo ọmọ pátá ló fún ní káàdì, kí ẹnikẹ́ni má baà dá yàtọ̀. A ṣẹ́ káàdì náà po, àwọ̀ ìpele wà nínú, gíríìnì fún ìpele kìíní, yẹ́lò fún ìkejì, pupa fún ìkẹta, kò sí nǹkan kan níta. Tíṣà nìkan ló gbọ́dọ̀ ṣí i. Mo mi orí, mo ní ó ti yé mi. Ẹni tí nǹkan kò yé ló máa ń yára mi orí jù.

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé mo kórìíra ètò náà. Ó ti kọ́ mi lọ́gbọ́n kí n tó bà á jẹ́. Tẹ́lẹ̀, ọmọ tó bá pẹ́ dé, ìdọ̀tí ló máa ṣà. Èmi ni adájọ́, èmi náà ni wọ́dà. Ìbejì obìnrin kan wà tí wọ́n ń pẹ́ lójoojúmọ́, àwọn ló ń mú kí ọgbà wa mọ́ tónítóní. Màdáámù wá bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá, ṣé ẹ ti bi wọ́n pé kí ló ń dá wọn dúró?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Màdáámù, mo ń fìyà jẹ wọ́n ni, mi ò bi wọ́n ní nǹkan kan."

Ó ní kí n bi wọ́n. Àṣé ẹ̀gbẹ́ títì ńlá ni wọ́n máa ń dúró sí, tí wọ́n ń retí àgbàlagbà èyíkéyìí tó máa mú wọn sọdá. Tíṣà kan tó ń gbé lápá ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn wá, wọn kò pẹ́ mọ́ láti ọjọ́ náà. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni ìdọ̀tí fi wà nínú ọgbà wa, torí kò sí ẹni tó máa ṣà á.

Ibi tí Màdáámù ti rí i pé mo wúlò nìyẹn, ló bá fún mi níṣẹ́ kún iṣẹ́. Àwọn ọmọ mẹ́sàn-án kan wà ní ìpele kejì tó fẹ́ kí àgbàlagbà kan máa yẹ̀ wò láràárọ̀. Kí n pe orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí n rọra fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí n bi í bóyá ó ti jẹun, bóyá ó mú ìwé rẹ̀ wá, báwo ni ilé. Kí n wá fi bírò sàmì sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ nínú ìwé kan. Màdáámù na ìwé náà sí mi, mo gbà á bí ẹni gba ejò.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo gbé ìwé náà lọ sílé, ìyàwó mi ka orúkọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán fún mi, mo há wọn sórí. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, mò ń pè wọ́n bí ẹni tó kàwé dé òkè. Màdáámù tilẹ̀ yìn mí. Àfi bó ṣe di ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e tó mú ìwé tuntun wá bá mi lẹ́nu géètì. Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tún ti pé, àwọn kan ti kúrò, àwọn kan ti wọlé. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni àwọn ọmọ ti ń rọ́ dé. Ó kọjá lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀. Mo ṣí ìwé. Èèrà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Ibẹ̀ ni Ìpakodò ti wọ̀ mí lórí. Mo ní, kí ni mo ń yọ ara mi lẹ́nu sí? Ṣebí àwọ̀ wà nínú káàdì? Kí n to gbogbo wọn bí èrò ọkọ̀, àwọn tí mò ń wá á yọ fúnra wọn. "Ẹ dúró! Ẹ ṣí káàdì yín!"

Ìlà gíríìnì gùn dé ojú títì. Yẹ́lò kò ju mélòó kan lọ. Ẹnikẹ́ni kò jáde fún pupa. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà kẹta, ọmọbìnrin kan rọra jáde láàárín èrò, ó lọ dá dúró lápá òsì. Mọ́ríámọ̀ ni, ọmọ ìwé kẹrin, ọmọ jẹ́jẹ́ kan tí mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí ju "Ẹ káàárọ̀, sà" lọ. Mo wò ó lóun nìkan níbẹ̀, ọ̀rọ̀ èbúté sì yọ lẹ́nu mi. Mo ní, "Ìwọ nìkan? Ọkọ̀ tìrẹ ò kún nìyẹn!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo rò pé mo pa wọ́n lẹ́rìn-ín ni. Kó tó di àsìkò ìsinmi, wọ́n ti fi ṣe orin: "Pupa, pupa, ọkọ̀ rẹ ò kún!"

Mọ́ríámọ̀ kò wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Kò wá lọ́jọ́rú. Àǹtí Bísí, tíṣà tó máa ń jókòó tì í, wá bá mi lẹ́nu géètì, ìwé kíkà ọmọ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò kí mi.

"Bàbá, ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni ọmọ yìí kọ́kọ́ ka odidi ojú ìwé kan láìdúró. Ṣé ẹ mọ̀?"

"Mi ò mọ̀."

"Láti oṣù mélòó kan, 'a' àti 'b' la ń bá yí. Ọjọ́ Ẹtì ló kàwé. Ọjọ́ Ajé lẹ pè é ní ọkọ̀ òfìfo."

Ní Ọjọ́bọ̀, ìyá ọmọ náà dé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ló ń bá ṣiṣẹ́. Ó ní Mọ́ríámọ̀ ti búra pé òun ò ní wọ géètì yìí mọ́ láéláé, òun sì ti mú un lọ sọ́dọ̀ ìyá òun ní Ẹ̀pẹ́. Ó máa bá ìyá àgbà yan ẹja. "Ẹja kì í bi èèyàn ní ìpele tó wà," bó ṣe wí nìyẹn, ó sì kọ́rí sọ́nà iṣẹ́.

Màdáámù ránṣẹ́ pè mí. Kí n tó dé ọ́fíìsì, mo ti lé ara mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ tán nínú ọkàn mi, mo ti rí ara mi ní Ìpakodò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó bi mí pé, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ fi tò wọ́n?"

Mo ní, "Kó lè yá ni, Màdáámù." Irọ́ ni.

Ó wò mí títí. Ó ní, "Bí mo bá kọ lẹ́tà sí wọn, kò lè dá ọmọ yẹn padà. Ta ló ṣẹ̀ ẹ́?"

"Èmi ni, mà."

"Ẹ ṣeun." Ì bá jágbe mọ́ mi, ara ì bá tù mí.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ẹnìkan ti ní kí n gba orí omi lọ, mo ní kí ẹni tó ní ẹ̀mí méjì máa gba ibẹ̀. Nínú bọ́ọ̀sì yẹn ni mo ti ń ro òrùlé tí Màdáámù yà sójú pátákó. Mo ti rò pé òkè yẹn ni ibi tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ tí kò dáa sí. Àṣé ibẹ̀ ni ọwọ́ tó pọ̀ jù lọ ti ń di ọmọ kan ṣoṣo mú. Kí ọmọ tó lè jẹ́ kí ọwọ́ di òun mú bẹ́ẹ̀, ó ní láti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun kò mọ̀ ọ́n. Mọ́ríámọ̀ gbà. Èmi kò tíì gbà láti ìgbà èwe mi.

Ìyá àgbà náà, Àlàájà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Mo bá a nídìí ààrò, èéfín bò ó, apẹ̀rẹ̀ ẹja wà níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Àlàájà."

"Ẹ káàbọ̀. Ẹja tútù àbí yíyan?"

"Ẹja kọ́, mà. Ilé-ìwé Mọ́ríámọ̀ ni mo ti wá."

Ó gbé abẹ̀bẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹ̀yin ni tíṣà rẹ̀?"

"Rárá, mà. Èmi ni mò ń ṣí géètì."

"Áà! Ẹ̀yin ni Ọkọ̀-rẹ-ò-kún."

Orúkọ mi ti ṣáájú mi dé Ẹ̀pẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín apẹ̀rẹ̀, ìpẹ́ ẹja lẹ̀ mọ́ mi láyà.

"Ẹ dìde, ẹ̀ ń tẹ ẹja mi mọ́lẹ̀. Èmi kọ́ lẹ ṣẹ̀."

Ó pe ọmọ-ọmọ rẹ̀. Mọ́ríámọ̀ jáde, ó kúnlẹ̀ kí mi bí ọmọ tí wọ́n kọ́, kò sì wo ojú mi. Mo ní, "Mọ́ríámọ̀, má bínú sí mi."

"Mi ò bínú, sà." Bí ẹni ti ilẹ̀kùn ló ṣe sọ ọ́. Ó padà wọlé.

Àlàájà ní, "Níbo lẹ ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn sí i?"

"Lẹ́nu géètì."

"Èèyàn mélòó ló gbọ́?"

"Gbogbo ilé-ìwé, mà."

"Ẹ wá ń bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ààrò mi, níbi tó jẹ́ pé ẹja nìkan ló gbọ́. Ẹja ọ̀hún sì ti kú." Ó mú abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ó ń fẹ́ná. "Ẹ padà síbi tí ẹ ti sọ ọ́. Màá mú un wá lọ́jọ́ Ajé, a ó dúró síta. Tó bá wọlé, ó wọlé. Tí kò bá wọlé, mi ò ní fà á, a ó padà sídìí ẹja wa, ó sì parí nìyẹn. Àti pé, ẹ lọ wá ìdí tí ẹ fi ṣe é. Ìdí gidi. Àwọn ọmọdé máa ń gbóòórùn irọ́."

Mo ti yí padà kó tó pè mí, ó di ẹja méjì sínú ìwé fún mi. "Ẹ ò lè dé ilé mi kí ẹ lọ lọ́wọ́ òfìfo. Ìyẹn ò ní kí ẹ rò pé mo ti dárí jì yín o."

Nígbà tí mo délé tí mo ròyìn fún ìyàwó mi, ó ní, "Ṣé wàá wá sọ fún wọn pé o ò mọ̀wé kà?"

"Mo mọ̀ ọ́n kà! Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń kà á."

"Sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn nígbà yẹn." Ó lọ fi ẹja náà se ọbẹ̀.

Ní kùtùkùtù ọjọ́ Ajé, mo ròyìn fún Màdáámù. Tíṣà tó kùn níjọ́sí wà níbẹ̀. Ó ní kò bójú mu kí àgbàlagbà máa bẹ ọmọdé níwájú ọmọdé, pé wọn kò ní bẹ̀rù mi mọ́. Màdáámù bi mí pé, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n máa bẹ̀rù yín?" Mo ní, "Rárá, mà, ẹ̀rù tó ń bà mí ti tó gbogbo wa." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n lọ múra.

Ìmúra wo? Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo rí Àlàájà àti Mọ́ríámọ̀ ní òdìkejì títì, lábẹ́ agbòòrùn oníbúrẹ́dì, ọmọ náà wọ yunifọ́ọ̀mù, kò gbé báàgì. Agogo lù. Òfin wa ni pé bí agogo bá ti lù, géètì á di títì. Mi ò mọ ìgbà tí ọwọ́ mi fi àgádágodo sí i. Mo lọ dúró níwájú gbogbo ọmọ lórí ìlà wọn.

Mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ, lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, mo ní kí ẹ ṣí káàdì yín. Mi ò gbọdọ̀ ṣe é. Màdáámù fún mi ní ìwé pé kí n máa pe orúkọ. Mi ò pè é, torí mi ò lè kà á kíákíá. Ìwé mẹ́rin ni mo kà, mi ò sì kà á dáadáa. Ojú tì mí kí ẹnikẹ́ni mọ̀, mo bá gbé ìtìjú tèmi ru ọmọ kan."

Ẹnìkan fẹ́ rẹ́rìn-ín lápá ẹ̀yìn. Mo gbọ́ tí ẹlòmíràn ní, "Dákẹ́ jàre!"

"Mọ́ríámọ̀ ń kọ́ ìwé kíkà lójoojúmọ́. Ohun tó ń kọ́ yẹn ni èmi ń sá fún láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọdé bíi tiyín. Nínú àwa méjèèjì, ẹ wo ẹni tó yẹ kí ẹ fi kọrin. Ẹ kọ ọ́ fún mi, mo gbà. Ẹ má kọ ọ́ fún un mọ́."

Kò sí ẹni tó kọrin. Màdáámù ń wo ilẹ̀. Àǹtí Bísí ti bojú wẹ̀yìn.

Mo yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Àwọn méjèèjì ti sọdá títì, wọ́n dúró lẹ́yìn irin géètì. Mo rìn lọ bá wọn, ọ̀nà náà gùn ju ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ lọ. Mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, mo sì ṣe bí ẹni pé àgbà ni mò ń bá sọ̀rọ̀: "Mọ́ríámọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Àlàájà wo ọmọ náà, ó sì fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kó lè ṣe èyí tó wù ú. Lẹ́yìn mi, mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n ti ń tò wọlé.

Mọ́ríámọ̀ wò mí. Ó wo àgádágodo tí èmi fúnra mi fi tì í mọ́ta. Ó tún wò mí.

Ó ní, "Mo ti gbọ́, sà. Ẹ ṣí géètì fún mi, wọ́n ti ń wọ kíláàsì."